Ibojì Tí Ìyá Kò Gbọdọ̀ Mọ̀

Bí ẹ bá béèrè Morónkẹ́ aránṣọ lọ́wọ́ àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Onitsha, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kì í dá ọjọ́ fún oníbàárà kó yẹ̀ ẹ́. Aránṣọ tí kì í yẹ ọjọ́! Ẹ wá a láti Asaba títí dé Ìbàdàn, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ìkejì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti bẹ́ǹṣì kan lè gbà, síbẹ̀ àwọn ìyàwó ilé Trans-Nkisi tí wọ́n ní mọ́tò tiwọn ló ń gbé aṣọ wá bá a. Ìkirun ni Babáfẹ́mi ọkọ rẹ̀ ti mú un wá nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àdìrẹ àti lẹ́ẹ̀sì ni Babáfẹ́mi ń tà ní Ọjà Ńlá. Wọ́n ti pẹ́ nílùú náà débi pé Morónkẹ́ lè fi Ìgbò ná ọjà, kó fi bú ènìyàn, kó sì tún fi bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn èébú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura pé àjèjì ni.

Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún wọn. Wálé ni àbúrò. Asaba ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Olúwatóyọ̀sí ni ẹ̀gbọ́n. Tóyọ̀sí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn tí gbogbo wa rò pé ibà lásán ni dá a wólẹ̀, tí kò sì jẹ́ kó dìde mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ.

Kò sí àgbàlagbà Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tó tẹ̀lé e fún. Òbí kì í sin ọmọ. Òbí kì í tẹ̀lé pósí ọmọ, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n gbé ọmọ sí, kí ọkàn rẹ̀ má baà tẹ̀lé e wọlẹ̀. Àwọn alàgbà ìjọ ló ṣe gbogbo ètò náà, Alàgbà Ọ̀ṣúndé sì ni olórí wọn. Morónkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ jókòó sínú yàrá, àwọn obìnrin ìjọ dì wọ́n mú, wọ́n ń gbọ́ bí mọ́tò ṣe ń gbéra lọ níta. Nígbà tí àwọn alàgbà padà dé, wọ́n ní kí tọkọtaya náà ṣèlérí níwájú Ọlọ́run pé àwọn kò ní wádìí ibojì náà láé. Morónkẹ́ ṣèlérí. Babáfẹ́mi náà ṣèlérí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ta sí ìyá náà létí ni pé itẹ́ òkú káńsù ni, èyí tó wà lọ́nà odò Nkisi. Láti ìgbà náà, bó bá ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà lápá ibẹ̀, tó bá ti kù díẹ̀ kó dé ibi ògiri itẹ́ náà, ó máa ń sọdá sí òdìkejì títì, á kọjú sí àwọn ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi kọjá. Bó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló wọ̀, á di ojú. Ó ń dùn ún wọra, síbẹ̀ ó ń pa àṣà mọ́, torí ó gbà pé ẹni méjì làwọn tó jọ ń ru ẹrù náà.

Nwakaego ló mú ìròyìn wá. Ọmọ Nkwelle Ezunaka ni Nwakaego, irun ló ń dì nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara kan ti Morónkẹ́. Òun nìkan ló ṣì ń pe Morónkẹ́ ní Mama Tóyọ̀sí. Àwa Yorùbá ti sáré yí orúkọ rẹ̀ sí Ìyá Wálé lọ́sẹ̀ tí ọmọ náà kú, ká má baà máa fọwọ́ kan egbò. Ìpè Nwakaego yẹn sì máa ń dùn mọ́ Morónkẹ́ nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ fún ẹnì kankan rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Nwakaego pa rédíò, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mama Tóyọ̀sí," ló wí ní Ìgbò, "ìròyìn kan wà. Káńsù fẹ́ la gọ́tà ńlá láti títì lọ sínú odò. Wọ́n ní yóò gba inú itẹ́ òkú kọjá. Ẹni tó bá ní òkú lápá ibi tí yóò gbà, kó tètè wá gbé e kí katapílà tó dé."

Sísọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ Morónkẹ́. "Apá ibo?"

"Wọn ò sọ. Wọ́n ní ó wà lórí ìkànnì káńsù."

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ìkànnì yìí. Káńsù tó wà ní Onitsha ju ẹyọ kan lọ, a ò sì ní dárúkọ èyí tó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a ba òun lórúkọ jẹ́. Morónkẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀, nǹkan róbótó kan ń pòòyì lójú rẹ̀ títí, nígbẹ̀yìn fóònù ní òun kò rí ojú ewé náà. Ó ra dátà sí i. Kò rí i. Nwakaego tẹ tirẹ̀, bákan náà ló rí. Oníbàárà kan tí fóònù rẹ̀ tó owó mọ́tò àlòkù gbìyànjú tirẹ̀ títí ó fi su ú. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní ìkòríta kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ kó tó rẹ́rìn-ín. "Madam," ló wí, "that site don die since."

Morónkẹ́ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí káńsù fúnra rẹ̀. Pátákó ìkéde wà lójú ọ̀nà lóòótọ́. Ìwé owó orí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló wà lára rẹ̀, òjò ti fọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dànù, ẹnì kan sì ti lẹ àwòrán olùdíje mọ́ ọn lórí. Ọkùnrin tó jókòó sí ọ́fíìsì ń jẹ ẹ̀pà.

"Everything dey online, madam," ló wí.

"Oga, the online no gree open."

"Na network. Try am again."

"I don try am tire. Use your mouth tell me na. Which side of the cemetery?"

Ọkùnrin náà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí ṣòkòtò. "Madam, me sef, na online I go see am."

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ilé ń béèrè ọ̀nà ilé. Ó dé ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n ní ohun tí wọ́n gbé fún àwọn làwọn kà. Ó pe Wálé ní Asaba, bóyá ìkànnì náà yóò gbọ́ tirẹ̀ lọ́hùn-ún. "Mummy, abeg leave that thing," ni Wálé wí. Ó wá yára béèrè bóyá iná ti dé lọ́dọ̀ wọn. Morónkẹ́ rò pé ó ń dun ọmọ náà ni, kò sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i.

Ó kan Rẹ́fúrẹ́ńdì Ọládìran, olùṣọ́ ìjọ wọn. Alàgbà Ọ̀ṣúndé ti di ará ọ̀run, ṣùgbọ́n ó dá Morónkẹ́ lójú pé ẹnì kan nínú ìjọ yóò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí. Kò ní kí wọ́n fi ibẹ̀ han òun. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá òun lọ wò ó, bóyá katapílà yóò dé ibẹ̀, kí wọ́n bá òun gbé ọmọ òun kúrò. Rẹ́fúrẹ́ńdì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

"Ìyá Wálé, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọwọ́ Olúwa ni àwọn tó sùn wà."

Ó gbàdúrà fún un, àdúrà náà gùn dáadáa. Morónkẹ́ ṣe àmín, ó jáde bó ṣe wọlé.

Ẹ lè máa béèrè pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Kò sọ fún un ni. Bí wọ́n bá dárúkọ Tóyọ̀sí, Babáfẹ́mi máa ń dìde kúrò níbẹ̀, èyí sì ti jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ ibi tí ara ti ń ta á. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkirun dé, níbi tó ní àwọn ti ń yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí kò sùn. Morónkẹ́ ní òun ò ní di ẹrù mìíràn lé e. Ó ní bí òun bá ti parí gbogbo rẹ̀, òun yóò wá sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nwakaego ló ta á lólobó. "Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? O ti rìn ká gbogbo ìlú, o ò tíì dé itẹ́ òkú."

Morónkẹ́ ṣàlàyé àṣà wa fún un. Nwakaego fetí sílẹ̀, ó yanu. Nínú ọgbà ilé wọn ní Nkwelle Ezunaka ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sí, wọ́n sì fi táìlì bo ojú oórì. Orí rẹ̀ ni ìyá wọn máa ń jókòó sí bó bá ń bó ẹ̀gúsí, tí yóò máa ròyìn ọjà fún ọmọ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀.

"Kò ní kó má dun màmá wa," ni Nwakaego wí. "Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Bí katapílà bá dé, ṣé yóò kọ́kọ́ béèrè àṣà yín?"

Morónkẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, oníbàárà ń bọ̀, kò bìkítà. Àwọn méjèèjì wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi ògiri náà, ó fẹ́ di ojú bó ti máa ń ṣe, ó rántí, ó la ojú sílẹ̀. Ó gba ẹnu géètì wọlé. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́kàn, ó tọrọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ náà, pé òun ti yẹ ìlérí tí àwọn jọ ṣe.

Bàbá àgbàlagbà kan tí ń ṣọ́ ibẹ̀ dìde lábẹ́ igi máńgòrò. Morónkẹ́ kí i, ó ní òun ń wá ibojì ọmọbìnrin kan, Olúwatóyọ̀sí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá.

Ojú bàbá náà tàn. "Tóyọ̀sí! Ọmọ Papa Yorùbá!" ló wí. "Ṣé Papa ò sọ fún ọ ni? Ó ti gbé e lọ."

"Papa wo?"

"Papa tó ń ta aṣọ ní Main Market. Bàbá rẹ̀ nù-un. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bí àsìkò èso úbe bá dé, kì í ṣaláì wá, á gbé àgbàdo sísun àti úbe dání, á jókòó síbẹ̀ yẹn, á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì dá tèmi sí. Ó ní ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn jù nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá wọn ilẹ̀ fún gọ́tà yìí, kí rédíò tó gbọ́ ohunkóhun, mo ti pè é lórí fóònù. Gbogbo ẹni tó máa ń wá síbí ni mo pè. Àwọn tí kì í wá ńkọ́, ta ni n ó pè?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn káńsù ṣe ń rìn, ẹ jọ̀wọ́. Fóònù bàbá olùṣọ́ ni ìkànnì tòótọ́, ẹni tó bá ń rú àṣà nìkan ló sì ń rí i.

Morónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsìkò úbe tó ti kọjá. Gbogbo ìgbà tí úbe bá pọ̀n ni Babáfẹ́mi máa ń ní òun ń lọ bá àwọn oníbàárà òun ní Odekpe. Ó máa ń ra ẹja tútù bọ̀ láti etí odò. Òun Morónkẹ́ a gba ẹja náà, a dúpẹ́, a sè é, wọn a jọ jẹ ẹ́.

Bàbá náà mú un débẹ̀. Ihò ni. Wọ́n ti wú ilẹ̀ náà, omi òjò ti rogún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àfọ́kù sìmẹ́ńtì wà lẹ́bàá rẹ̀. Wọ́n ti kọ nǹkan sára sìmẹ́ńtì náà kó tó gbẹ: Tóyọ̀sí, sùn re o. Bàbá rẹ. Morónkẹ́ kà á, ó yí i síhà kejì, bóyá wọ́n tún kọ nǹkan síbẹ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń di ojú lórí títì kó má baà rí ibojì ọmọ rẹ̀, ọjọ́ tó wá rí i, ó ti ṣófo.

Nwakaego fẹ́ dì í mú. Morónkẹ́ ní kó fi òun sílẹ̀.

Nígbà tí Babáfẹ́mi ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, kò sí oúnjẹ lórí iná. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga, aṣọ tó wọ̀ jáde ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, amọ̀ sì wà létí aṣọ náà.

"Bàbá Wálé, níbo lẹ gbé Tóyọ̀sí sí?"

Babáfẹ́mi fẹ́ dìbọ́n pé òun kò gbọ́. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó gbé àpò aṣọ kalẹ̀, ó jókòó.

"Ìkirun," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá mi ló wà."

"Ta ló bá yín gbé e?"

"Wálé."

"Ta ló tún mọ̀?"

Babáfẹ́mi ń wo ilẹ̀. "Rẹ́fúrẹ́ńdì ló gbàdúrà kí a tó gbéra."

Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin yìí ti sáré títí ẹsẹ̀ fi wú, ó ti bẹ akọ̀wé káńsù, ó ti bẹ rédíò, ó bẹ olùṣọ́ ìjọ, ó bẹ ọmọ tó bí. Ohun tó ń wá kiri ìlú wà lórí ibùsùn tó ń sùn lé. Nínú gbogbo wọn, fóònù rẹ̀ nìkan ni kò purọ́ fún un: ó ní òun kò rí i, kò sì rí i lóòótọ́.

"N kò lè fara dà á, Morónkẹ́," ni Babáfẹ́mi wí. "Kò tíì pé ọdún kan tí ọmọ náà kú tí mo fi lọ bẹ Ọ̀ṣúndé pé kó fi ibẹ̀ hàn mí. Mo ní n ó kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ìgbà náà, n kò lè ṣíwọ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ni mo ń dáàbò bò. Ìyá ni ọ́. Ìyá kò lè rí irú rẹ̀ kó yè é. Àṣà wa ni, o mọ̀."

"Àṣà wa. Ṣé ìwọ kì í ṣe òbí ni?"

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, Morónkẹ́ kò pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ rí. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, kò sì kó o padà.

"Mo máa ń jí ọ," ló wí. "Bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń jí ọ, mo máa ń ní, 'Bàbá Wálé, ṣé ibẹ̀ ò tutù jù fún un báyìí?' Kí lo máa ń sọ? O máa ń ní, 'Èmi náà ò mọ̀ o, aya mi.' O máa ń gbá mi mọ́ra! O mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, o ń ní o ò mọ̀. Ẹkún tí mò ń sun, n kò mọ ibi tí mò ń sun ún sí. Ìwọ jókòó tì í, o jẹ àgbàdo."

Ẹkún gba ẹnu Babáfẹ́mi. Ó ní kó dárí ji òun. Ó ní ní ọjọ́ Sátidé àwọn yóò jọ lọ sí Ìkirun, òun yóò fi ibẹ̀ hàn án, kó jókòó níbẹ̀ bó bá ṣe wù ú kó pẹ́ tó.

"Ní agboolé yín?" ni Morónkẹ́ wí. "Kí àwọn àbúrò rẹ máa wò mí bí àlejò tó wá kí ọmọ yín? Nígbà tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o ò jẹ́ kí n mọ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wú u, o ò jẹ́ kí n dì í mú. O gbé e gba iwájú ilé mi kọjá!"

Ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó padà sí itẹ́ òkú ní òun nìkan, ó tẹ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ihò náà, ó jókòó. Katapílà ti wà lápá òkè, wọ́n ń da epo sí i. Bàbá olùṣọ́ rí i, kò bi í léèrè ohunkóhun. Morónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóhùn kékeré. Ó sọ fún un nípa aṣọ ìyàwó tó wà lórí ẹ̀rọ, nípa Nwakaego, nípa irun funfun tó ti yọ síwájú orí òun. Ó mọ̀ pé ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ṣẹ́ kù fún un, ó sì ń lò ó kí wọ́n tó dí i.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá olùṣọ́ rọra wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Mama," ló wí, "Papa wà lẹ́nu géètì. Ó ní òun fẹ́ wọlé wá bá ọ. Ó ń sunkún."

Morónkẹ́ kò yíjú padà.

"Sọ fún un," ló wí ní Ìgbò, "pé òbí kì í wọ ibí."

Bàbá náà lọ jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an.